Ọmọ Apá Ọ̀tún Pósítà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Iṣẹ́ tuntun wọlé níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Pósítà ẹgbẹ̀rún méjì, fún ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn abiyamọ nípa oúnjẹ. Bàrígà, Pedro, Fọlá Àgòrò, gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lókè, oúnjẹ aláboyún. Nísàlẹ̀, ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí wọ́n bọ́ dáadáa lápá òsì, èyí tí wọn ò bọ́ dáadáa lápá ọ̀tún. Wọ́n ní ọmọ tó jọ ọmọ àdúgbò làwọn fẹ́. Gbogbo èyí tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dá padà.

Kíákíá ti yanjú apá òsì. (Ọ̀gá mi ni, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Kíákíá, torí kò mọ ọ̀rọ̀ míì.) Dáraolúwa, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fẹ́ kí n lò. Ọmọ náà sanra lóòótọ́. Bisikíìtì àti mọ́ọ̀tì ló ń gbé e ró, bóyá ni ẹyin kan ètè rẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní kí n lọ wá tapá ọ̀tún fúnra mi. Ọ̀la, kíákíá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo wá a, mo rí i. Inú fóònù mi ló wà.

Fọ́tò Sójà. Àlíyù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Serifat tó ń dirun, yàrá wọn ló tẹ̀ lé tèmi. Oṣù Kẹfà ni mo yà á. Ibà àti ikọ́ ti dá ọmọ náà dúbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, gbogbo ilé ti ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Serifat sáré wá kanlẹ̀kùn mi pé Àǹtí Níní, ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Warri. Mo yà á. Mo tẹ ọ̀kan sórí káàdì líle fún un níbi iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọmọ náà ní Sójà. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí mi láàárọ̀, á gbé ọwọ́ sórí kí mi.

Ó rù nínú fọ́tò náà lóòótọ́. Egungun ìhà ń hàn, orúnkún tóbi ju itan lọ. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Kíákíá wò ó, ó ní ọmọ tí ebi ń pa kì í rẹ́rìn-ín. Mo pa ẹnu rẹ̀ dé lórí kọ̀ǹpútà. Mo fa igun ètè rẹ̀ wálẹ̀. Mo fọ awọ rẹ̀ títí ó fi ṣá bí eérú. Mo gé ẹnu ọ̀nà ilé wa kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo fa ìlà dúdú bo ojú rẹ̀ – ta ni yóò wá mọ̀ ọ́n? Kíákíá ní ọwọ́ mi dára. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 9

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọ̀ rẹ̀ mú dáadáa. Wọ́n wá kó o.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ọlọ́run mi.

Mo gbàgbé pé Ọjọ́ Ajé ni Serifat ń gbé Sójà lọ sílé ìwòsàn fún ìwọ̀n. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, láti ìgbà àìsàn yẹn. Nọ́ọ̀sì Sabina – Onítépù, nítorí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ – á wé tépù aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ọn lápá. Àwọ̀ ewé, ó dáa. Yẹ́lò, kí ìyá ṣọ́ra. Pupa, ewu dé. Inú yẹ́lò ni Sójà wà, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n máa ń fún un ní oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá lọ sílé.

Lónìí, wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ògiri. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ yẹn wá dá àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́. Ó na ọ̀pá sí ọmọ apá ọ̀tún, ó bi wọ́n pé kí ni ìyá ọmọ yìí ṣe tí kò dáa. Wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀lẹ ni. Òun ló ń jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán. Ọkùnrin ló ń lé kiri. Ẹ̀rín sọ. Serifat náà fẹ́ dáhùn, ó ti nawọ́ sókè, kó tó wá rí orúnkún. Àpá tó wà lórúnkún òsì, níbi tí Àlíyù ti fi orúnkún gbá etí gọ́tà. Ṣòkòtò péńpé tí òun fúnra rẹ̀ fi àjákù ìró rán. Ó ní ta ni kì í mọ orúnkún ọmọ rẹ̀?

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi dáhùn tán, ọmọ lórí itan rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá sunkún. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló jókòó sí. Onítépù ló fura sí, nítorí ó máa ń ya àwọn ọmọ ní fọ́tò lọ́jọ́ ìwọ̀n. Serifat ní òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ó wá bi mí: Àǹtí Níní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ pósítà, ṣé wọ́n lè mú ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè?

Mo ní kò dáa. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo bu omi fún un mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Ojú ń tì mí. Mi ò rí nǹkan míì kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Serifat lọ bá nọ́ọ̀sì jà. Onítépù búra, ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó kọ ìwé wá sọ tẹnu rẹ̀.

Mo sọ fún Kíákíá. Ó ní ṣé ojú ọmọ hàn ni? Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, ọ̀rọ̀ á tutù. Ó tún fi fóònù rẹ̀ hàn mí: ọmọbìnrin rẹ̀ ti gbé pósítà sórí wáàsáàpù, gbogbo ẹbí ló ń kí Dáraolúwa kú oríire. Wọ́n kàn gé apá ọ̀tún kúrò ni.

Ọjọ́ Ajé, 20

Ọjọ́ ìwọ̀n. Serifat ò lọ. Iwájú ilé ló wà, ó ń di ṣùkú fún ẹnì kan. Oúnjẹ ẹ̀pà ti tán láti Àbámẹ́ta.

Mo ní kó gbìyànjú kó lọ. Ó ní kí òun lọ jókòó sábẹ́ pósítà yẹn ni? Ó ní àwọn obìnrin yẹn ti mọ òun báyìí. Mo ní ilé ìwòsàn ti Pedro ńkọ́. Ó ní òun ti lọ wo ti Pedro láti ìta. Ó wà níbẹ̀.

Mo ra ẹyin mẹ́fà, mo gbé e fún un. Àánú? Irọ́ ni. Ẹ̀rí ọkàn mi ni mo ń bọ́ lẹ́yin. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run ò ní fi ọmọ tiyín náà dù yín, Àǹtí Níní. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo wà láyé, èèyàn púpọ̀ ti gba àdúrà yẹn fún mi. Ti òní ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 22

Mo lọ fa pósítà kan ya kúrò lára ògiri ní Pedro. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lójú ọ̀nà pariwo mọ́ mi. Ó ní kí ló ṣe yín, àǹtí, nǹkan tí wọ́n fi ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀? Àwọn tó ń kọjá dúró wò mí. Mo ká a mọ́ abíyá, mo sá lọ. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì ó dín ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Inú ń ṣe Sójà láti Ẹtì. Ìgbẹ́ gbuuru. Serifat ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un, ó ń mu díẹ̀, ó ń bì í. Mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ láti kí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ náà ò dé orí.

Mo fi àtàǹpàkò àti ìka wé apá rẹ̀. Wọ́n pàdé, àyè tún kù.

Mo ní kí á máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ibà eyín ni, á lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa tún na ọ̀pá sí ọmọ òun.

Ó ṣì gbà pé nọ́ọ̀sì ló ta òun, nítorí náà kò sí ẹlòmíì tó lè tú ọ̀rọ̀ yìí. Tí n kò bá sọ, kò ní lọ. Tí kò bá lọ – mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Mo múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Mo lanu, mo tọrọ iyọ̀.

Ó fún mi ní iyọ̀. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Èmi tí iyọ̀ kún inú ike mi.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo ti sọ.

Aago méje ò tíì lù. Ó ń ya irun ara rẹ̀, òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Serifat, èmi ni. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Fọ́tò tí mo bá ọ yà ni, èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá gbójú sókè wo ògiri. Fọ́tò náà wà níbẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀dì, ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ láti oṣù Kẹfà.

Mo rò pé á bú mi. Ìbá bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ẹ̀rín ọmọ mi ńkọ́, ta ló pa á rẹ́?

Mo ní èmi ni.

Ó gbé ọmọ pọ̀n. Mo ní ṣé kí n tẹ̀ lé e, ó ti jáde. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó jẹ̀bi, ohun tí mo sì jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ó gba abẹ́ pósítà kọjá, kò wò ó, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Onítépù, ó kúnlẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi, mo purọ́ mọ́ yín. Òun ló kúnlẹ̀! Èmi tí mo jẹ gbèsè ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo dúró bí òpó iná. Kí n tó rántí orúnkún ara mi, nọ́ọ̀sì ti fà á dìde.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo sọ ọ́ kí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́. Kò sẹ́ni tó fà mí dìde. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde fúnra mi.

Tépù: yẹ́lò. Ó kù fín-ín kó kan pupa. Onítépù ní bí a bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti di ti ọsibítù ńlá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo ya fọ́tò àwo oúnjẹ kan: ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́, ọsàn. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n apá ọ̀tún gẹ́lẹ́. Ẹgbẹ́ yẹn gbà kí n lẹ̀ ẹ́ bo ọmọ náà. Kíákíá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, èyí sì jẹ́ ìsinmi díẹ̀. Mo gbé ike sítáàṣì àti búrọ́ọ̀ṣì, mo rìn láti Bàrígà dé Fọlá Àgòrò. Bàbá onírédíò tún rí mi ní Pedro. Lọ́tẹ̀ yìí ó bá mi di pósítà mú.

Mi ò lè rí gbogbo wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Serifat kí mi láàárọ̀. Ẹ káàárọ̀, mà. Mà! Bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́ báńkì. Sójà gbé ọwọ́ sórí, ó rọra fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ẹnu Onítépù ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu Serifat. Inú Sójà ti dá. Ó ti kúrò lẹ́nu pupa, ó ń gòkè nínú yẹ́lò. Bó bá ń bá a lọ báyìí, Kérésì á bá a nínú àwọ̀ ewé. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo sunkún níwájú àwọn èèyàn. Kò tì mí lójú. Ìtìjú mi ti ní ibi tó ń lọ.

Mo dé ilé ní aago márùn-ún. Nǹkan kan wà nílẹ̀ nínú yàrá mi, wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Káàdì líle. Mo mọ káàdì náà, èmi ni mo gé e.

Fọ́tò Sójà. Ó ti yọ ọ́ lára ògiri, ó dá a padà fún mi. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Awọ rẹ̀ ń dán. Ó rù, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ síta, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò.

Mo yí i padà. Ó ti kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Bírò náà ti ń ṣá, kì í ṣe ìwé òní, láti ọjọ́ yẹn ló ti wà níbẹ̀ tí ojú fọ́tò ń wo yàrá, tí ọ̀rọ̀ ń wo ògiri. Ọwọ́ ìwé rẹ̀ ni, gàdàgbà gàdàgbà:

Àlíyù dìde lónìí. 14 Oṣù Kẹfà. Alihamudulilai. Àǹtí Níní wa ló yà á.