Epo Àtùpà Ìyá Àkíbù

Ilé Ọláníyì,
Ìdófin,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá, 1972.

Salome, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ọmọ sílẹ̀? Ara tèmi le, iṣu tuntun sì pọ̀ níbí débi pé mo ti ń sanra.

Ìwé sáyẹ́ǹsì tí o fún mi ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ ládùúgbò wa. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun tó kú láyé àtijọ́ ló di epo òyìnbó: ẹrẹ̀ bò wọ́n, ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ooru sè wọ́n fún àìmọye ọdún. Mùnírátù, ọ̀kan nínú wọn, délé, ó rò ó fún ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Àkíbù, tó ń ta epo òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Bí ìyá ṣe ti àgbá epo pa nìyẹn! Àwọn ló sì ń bu epo sí àtùpà mọ́ṣáláṣí láti bí ọdún mọ́kànlá. Nígbà náà, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo sáré lọ bá wọn. Ẹkún ni wọ́n ń sun.

"Tíṣà, ṣé òkúǹbete tí a kò dú ni mo ń gbé wọ ilé Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí?"

Ojú tì mí, Salome. N kò sì lè ní irọ́ ni mo pa.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Ààfáà Búrẹ́mọ̀, lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìyá Àkíbù, kí ni iṣu ń jẹ lábẹ́ ebè?"

"Ewé tó jẹrà, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́."

"Tẹ́ ẹ bá wá gúnyán, ṣé ìgbẹ́ lẹ gún?"

Ẹ̀rín pa ìyá. Ààfáà ní ohun tí Ọlọ́run bá ti yí padà nínú ilẹ̀ kì í ṣe òkú mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá ṣí àgbá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, mo déédéé rí ìyá lójú fèrèsé kíláàsì mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi ọ̀rẹ́ mi tó nìwé: kí ló pa àwọn ẹ̀dá náà, ta ló sì ṣọ̀fọ̀ wọn? Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá ò tilẹ̀ dúró gbèsì. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣàdúà fún àwọn ẹ̀dá náà kí àwọn tó tan àtùpà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Tí o bá mọ èsì ìbéèrè ìyá, tètè kọ̀wé.

Èmi ni tìrẹ nígbà gbogbo,
Tinúkẹ́