Ìwọ Lo Ń Bá Wa Pa Kẹ́tù Láràárọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn sí,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú èmi àti ìyá rẹ kò dé kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ò ń jẹun, mo ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ ńlá tí ò ń ṣe kò lè má jẹun, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ nìyẹn o.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná tí o ní ká máa mu láràárọ̀ kí á tó fẹnu kan nǹkan kan ló jẹ́ kí n mú bíírò. Ọmọ mi, o ṣeun, wàá jẹ èrè rẹ. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ gbé kẹ́tù oníná tí o fi rán an dé, mo rò lọ́kàn mi pé ṣúgà ló wọ́n ní ìlú ńlá tí ẹ fi ń mu omi lásán bí ẹni ń mu tíì. Ṣùgbọ́n mo mu ún. Ìfun mi tó ti ń ṣagídí látọjọ́ yìí, tí mo máa ń jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ títí oníbàárà á fi dé, tí á dúró, tí á sì bá tirẹ̀ lọ, ó ti ń gbọ́ràn báyìí. O mọ̀ pé aránṣọ ni mí, ohun tó yé mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀, bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣe ń na aṣọ tó rún, bẹ́ẹ̀ náà ni omi yìí ṣe ń na ìfun. Àwọn ìka mi tó máa ń le gbagidi láàárọ̀, tí n kì í lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ àfi tí oòrùn bá mú, bí mo bá ti di ife omi náà mú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á rọ̀. Ìyá rẹ náà kì í wúkọ́ mọ́. Ó ní bóyá nítorí pé òun kì í fẹ́ iná igi láàárọ̀ mọ́ ni, mo ní kó má gba ògo ọmọ wa fún èéfín. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo mu ún bó ṣe ń hó, tí ahọ́n mi bó. Ìyá rẹ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ lo sọ, mo ní bí lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá lè ṣe ara lóore, híhó á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ahọ́n náà ti san.

Báyìí, ìdajì àdúgbò ló ń gbé ife wá sọ́dọ̀ wa. Káfíńtà ọ̀ọ́kán wa ń mu ún nítorí ikùn rẹ̀, ó sì ti ń rí bàtà rẹ̀ tó bá dìde dúró. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń gbé àga tirẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tí mo máa bu omi fún láì tíì gbọ́ ibi tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ àti bí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣe tutù tó. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó lọ se omi tirẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń wú mi lórí jù ni bí o ṣe ń bá wa pa kẹ́tù náà. O kò sọ fún wa, làákàyè ni mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, tí mo bi ọ́ pé kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an, o ní iwájú kọ̀ǹpútà lo ń jókòó sí, ò ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, èyí tó bá sì ti gbóná jù nínú wọn, wàá pa á láti orí àga rẹ. Èmi kò gbàgbé. Nítorí náà, láàárọ̀ àkọ́kọ́ tí omi hó, tí kẹ́tù dún tá, tí iná pupa ara rẹ̀ kú, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ wò mí, mo ní ọmọ rẹ ni. Omi bọ́ lójú mi. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, o ṣì ráyè ti bàbá rẹ. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dún tá, màá ní o káàárọ̀ o, ọmọ mi, o ti jí. Ìyá rẹ á ní kó o jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tún máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó tan án lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí o lè sùn dáadáa.

Ẹlẹ́tíríkà tó ń ṣe iná àdúgbò ní irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, pé bí ooru bá kàn án, á tẹ̀, òun ló ń pa á. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo ní irin wo ló mọ̀ pé omi bàbá ẹnì kan ti hó? Ọmọ tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà, n kò bá a wí.

Fóònù wa ti kú o. Ohùn rẹ ti ń há nínú rẹ̀, mo sì rò ó pé ohun tó la ọ̀fun ìyá rẹ á la ọ̀fun fóònù, ni mo bá gbé e sórí ooru kẹ́tù. Ojú rẹ̀ funfun, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìyá rẹ kò tíì bá mi sọ ọ́ tán. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, bí kò sí fóònù, ṣebí kẹ́tù ń bẹ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo tan kẹ́tù. Omi hó, ó ń hó, kò dún tá. Ìdérí ń jó, ooru bo ògiri, àwọn èèyàn di ife mú wọ́n ń wò mí. Mo sọ fún wọn pé ọ̀gá rẹ ti gbé ọ ga, ó ti fi kún àwọn ẹ̀rọ tí ò ń ṣọ́, o máa kan tiwa láìpẹ́. Tíṣà ní mo kú oríire. Omi ń gbẹ lọ. Ìgbà tó yá, ìyá rẹ fa okùn iná yọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìránṣọ mi, ó bi mí pé ìgbà wo la gbóhùn rẹ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà ló rí. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹlẹ́tíríkà ní irin náà ló ti bàjẹ́, kí n gbé e wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo gbàdúrà kó jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbé e fún un. Tó bá tú u tí kò bá irin kankan níbẹ̀ ńkọ́? Tó bá sì bá a níbẹ̀, ta ni mo ti ń kí láràárọ̀ látọjọ́ yìí?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá padà, ti fóònù àti ti káàdì iná, àti ti ife, nítorí káfíńtà ti jókòó lé méjì. Bí owó kò bá sí, fi ara rẹ ránṣẹ́. Ọlọ́run yóò máa rìn níwájú rẹ, yóò máa rìn lẹ́yìn rẹ, ibi tí o bá jókòó sí kò ní gbóná mọ́ ọ, ọwọ́ rẹ kò ní tutù nínú oore.

Títí ìwé yìí á fi dé ọwọ́ rẹ, a ó máa tan kẹ́tù láràárọ̀ bí a ṣe ń ṣe. Ìyá rẹ á di okùn iná mú, tí omi bá ti hó. Mo ti ní kó má tètè fà á, kó fún ọ láyè díẹ̀ ná.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.