Ìbọn Tí Mo Gbé Wá Sí Àdúrà Jimoh

Èmi náà ni! Má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, Fúnṣọ́ ọmọ mi. Bàbá tí wọ́n ní ó sọ̀ nínú lọ́rì ní Èbúté Èrò pẹ̀lú ìbọn léjìká, tí àwọn tó ń tajà ní Ìdúmàgbò ń yà fún bí ìgbà tí ọba ń kọjá, èmi tí mo bí ọ ni. Ká ní kì í ṣe pé o wà lórí òkun níbi iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ ni, ìwọ náà ì bá yan tẹ̀lé mi.

Ṣé dáadáa lo gúnlẹ̀? Òkun ò ní gbé ọ, ẹja ò ní mọ adùn ara rẹ. Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ abilà ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Èmi wà bí mo ṣe wà, àwọn ọ̀dọ́ ò lè bá mi rìn.

O mọ Jimoh ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ bíi tèmi, tó kó lọ sí Ìsàlẹ̀ Gángan lọ máa ta ẹran ìgbẹ́. Ó kú. Àwa méjèèjì ti mulẹ̀ láti ìgbà èwe pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, èkejì ni yóò yìnbọn fún un. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀. Mo fi màrìwò dí ìbọn lẹ́nu, mo sì dojú ẹ̀ kọlẹ̀. Nílé wa níbí, ọmọdé mọ̀ pé ìbọn tó bá ti gbé màrìwò sẹ́nu, ìbọn ọ̀fọ̀ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọlọ́pàá Èkó ò mọ̀. Sájẹ́ǹtì kan kí mi dáadáa, ó ní láísẹ́ǹsì mi dà. Mo ní kẹ̀kẹ́ kọ́ ni mo gùn. Ó ní òfin ni, pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn rìn láàárín èrò láìní ìwé ìjọba. Mo ní ta ló fẹ́ ka ìwé ọ̀hún, ṣé ìbọn ni àbí ẹran tí mo fẹ́ pa? Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo fi màrìwò hàn án, ó ní màrìwò kì í ṣe ìwé. Èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o, èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kejì kí n tó rí i pé tíṣà ò mọ̀ tó mi, tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n wọ́n pọ́n mi lé. Wọ́n rọra gba ìbọn lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò, wọ́n so páálí mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fún òun ní yàrá onírin, wọ́n fún èmi ní bẹ́ńṣì. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọláníyì.

Ọláníyì! Aládùúgbò wa yẹn, tí kò pa ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ láyé ẹ̀. Ó ti gba láísẹ́ǹsì, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ l'Ékòó, ó já a lára ògiri, gíláàsì àti gbogbo ẹ̀, ó gbé e dání. Ó sì ti kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè àtiyìnbọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, tí mo dé ibi àdúrà, sájẹ́ǹtì tó gba ìbọn tèmi ni mo bá tó dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́. Memunat, opó Jimoh, kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní ọdẹ ńlá. Ọdẹ ńlá! Obìnrin tó jẹ́ pé èmi ni alárinà ẹ̀! Iwájú Ọláníyì ni wọ́n gbé ẹran kà, omi ọbẹ̀ ni wọ́n bù fún mi. Inú mi ò bàjẹ́ o. Ata ló mú ojú mi ṣomi.

Bá mi fi owó ránṣẹ́ kí n gba láísẹ́ǹsì tèmi, kí gíláàsì ẹ̀ tóbi ju ti Ọláníyì lọ, kí n sì ya fọ́tò tí ìbọn á fi máa dá mi mọ̀. Yà ní àgọ́ ọlọ́pàá, bẹ sájẹ́ǹtì, bàbá mi ló fi ìbọn yẹn sílẹ̀ fún mi. Bá mi fi epo pa á kó má dógùn-ún. Ibi tó o bá forí lé, ire ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọ.

Èmi, bàbá rẹ tó o lè fi yangàn.

Gbogbo ẹ̀ ló lọ dáadáa, àfi ẹyọ kan. Nígbà tí àkókò àtiyìnbọn fún Jimoh tó, Ọláníyì na ìbọn ẹ̀ sí mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín ni, mo ti bẹ sájẹ́ǹtì, ó gbà, ẹ wá ká jọ fà á. Mo ní èmi ò fọwọ́ kan ìbọn tó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ arúgbó. Ó dúró dè mí títí. Mo ń wo òkè. Ló bá dá a yìn. Ó dún ketekete, Fúnṣọ́. Èmi tí mo bá Jimoh mulẹ̀, etí lásán ni mo fi bá wọn gbọ́ ọ.