Wọ́n Gbé Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀ Wá sí Òkè-Oyì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè bóyá iná wà. Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ibùsùn yín tutù. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ kì í jẹ́ ká pa, kí ẹ lè mọ ìgbà tí iná bá dé, mi ò tíì pa á. Ó kàn wà níbẹ̀ lásán ni. Ó ti di ọjọ́ mélòó kan tí kò ti tàn.

Inú ń bí mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè ro ẹjọ́ fún tí kò ní ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀yin náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á kọ́kọ́ jẹ́ kí n rò ó tán.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín ní Òkè-Oyì ni. Ilé-iṣẹ́ kan ń wá ibi tí wọ́n á kọ́ ilé ńlá sí. Èèyàn kọ́ ló máa gbé inú ilé náà, kọ̀ǹpútà ni, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n á máa tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àwòrán àwọn èèyàn, tí wọ́n á sì máa fi ṣe ìṣirò tí orí èèyàn ò lè gbé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ iná bí ìgbà tí iná ń jẹ pápá. Nítorí náà wọ́n fẹ́ to sólà láti ìdí àwọn igi kajú yín títí dé etí odò, kí wọ́n sì fa wáyà tiwọn lọ́tọ̀. Wáyà náà á gba orí òrùlé àwọn ará abúlé kọjá, kò sì ní yà sílé ẹnì kankan. Mo wo àwòrán tí wọ́n yà. Ilé náà dára lójú. Abúlé ò sí níbẹ̀ rárá, koríko tútù ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, fẹ́ ká tà á. Owó náà pọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Gbogbo ẹbí ti fọwọ́ sí i, ó ku ọwọ́ tèmi, torí pé èmi ni àkọ́bí yín. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọ̀tá ilé.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ mi? Ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́sáláṣí pé ọmọ yín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mi ò sì bá yín jiyàn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyí. Ní Tanke, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ Yorùbá, Yorùbá àwa ará Ìlọrin gan-an, kí ìyá arúgbó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún, kó sì yé dókítà tó wá láti ibòmíràn. Àwa la lọ gba ohùn àwọn ìyá náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára láti kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa, òkè òkun ló wà. A ó kó ohùn àwọn ìyá wa ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, a ó tún máa fi dọ́là sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká lò ó. Bí dọ́là bá wọ́n, iṣẹ́ dúró. Bí ọkàn ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá yí padà, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kò sì sí ilé ẹjọ́ ní Ìlọrin tó lè ní kó ṣí i. Ká ní a tilẹ̀ ra tiwa, iná wo la fẹ́ fi tàn án? Jẹnẹrétọ̀ wa ò lè gbé fíríìjì àti fáànù pọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Nọ́ọ̀sì tó ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí ẹ ṣì wà láyé ló ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, a ò rí fáìlì yín.” Wọ́n ní okùn kan tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá láti òkè òkun ló já lábẹ́ òkun. Bàbá, okùn já nísàlẹ̀ òkun, nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin ò sì mọ oògùn tí ìyá mi ń lò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí wọ́n fa tiwa sókè, kí lẹ máa pe eléyìí? Ṣé a gba òmìnira ni àbí a kàn gba àsíá?

Ìyẹn ló mú mi rántí iṣu Bàbá Sùlé. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ìkórè ọdọọdún ni Bàbá Sùlé, tí ẹ fún ní ilẹ̀ dá oko, máa ń fi ọ̀kadà gbé iṣu wá sílé wa ní Fate. Bí iṣu tilẹ̀ kún ilé títí dé abẹ́ ibùsùn, ẹ ó gbà á. Ẹ ó fọwọ́ kan án, ẹ ó ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí oko rẹ̀, ẹ ó mú ọ̀kan padà fún un pé kó lọ fi bọ́ àwọn ọmọ. Màmá á máa ráhùn ní kíṣíìnì pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo iṣu yìí. Mo bi yín nígbà kan, ẹ ní ìṣákọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe torí ikùn. Ẹ ní ẹni tó bá ń gbé e wá ò ní gbàgbé pé ilẹ̀ ní ẹni tó ni ín, ọmọ ẹni tó bá sì ń gbà á náà ò ní gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹbí àti àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà jókòó ní pálọ̀ yín, mo ní a ò ta ilẹ̀. Kí wọ́n wá bí àlejò, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ bí àlejò. Mo ní iná ni mo fẹ́ kí wọ́n fi san án. Kí iná kọ́kọ́ wọ abúlé kó tó wọ ilé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ya apá kan kọ̀ǹpútà náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, lábẹ́ òfin tiwa, títí ayé. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò yé e. Bàbá Kékeré kanra mọ́ mi lójú gbogbo wọn pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná lo fẹ́ máa jẹ ni?” Mo ní torí pé a fẹ́ jẹ ẹran, a ò ní pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Bàbá Kékeré ò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí gan-an, torí ohùn wọn ló jọ tiyín jù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà ti lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé kí ni wọ́n ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀, onítọ̀hún ní iṣu ni. Bàbá, wọ́n gbé iṣu wá sí Òkè-Oyì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko, tàwọn ti ayàwòrán, tàwọn ti aṣọ ìpolówó gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Mo bẹ̀ wọ́n níná, wọ́n gbé iṣu fún mi. Mo dúró sábẹ́ igi kajú, ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu kan fún Bàbá Kékeré lójú baálẹ̀ àti gbogbo abúlé. Bàbá Kékeré gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfi bí ọwọ́ wọn ṣe dúró. Wọ́n wo iṣu náà, wọ́n wo Bàbá Sùlé tó jókòó sórí àpótí, tí arúgbó yẹn ti ń rẹ́rìn-ín sínú agbádá. Ojú wọn yí padà. Wọ́n wá fọwọ́ kan iṣu náà, wọ́n ní kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí iṣẹ́ wọn. Wọ́n mú ọ̀kan nínú ọkọ̀, wọ́n dá a padà fún ọ̀gá náà. “Ẹ gbé èyí lọ fi bọ́ àwọn ọmọ.”

Mo rò pé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀.

Baálẹ̀ bá dáhùn pé gbogbo àwọn ti rí i, àlejò ti kí onílẹ̀, ọ̀rọ̀ títà ti tán, ó ku ká jọ sọ ti ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀gá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán. Kò tíì mọ ohun tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Mi ò tan ara mi jẹ. Wọ́n ní lọ́yà, àwa ní iṣu. Wọ́n lè kó sólà wọn lọ sí abúlé mìíràn lọ́la, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n ní ìbéèrè. Iná ò tíì dé Òkè-Oyì, kò sì sí nílé wa níbí náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yín ṣì jẹ́ ilẹ̀ yín. Bàbá Kékeré pè mí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Wọn ò tọrọ àforíjì, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ní kí n wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná yẹn fún àwọn dáadáa, kí àwọn lè mọ ohun tí àwọn máa bá wọn fà.

Ẹ ó rí i pé bírò ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi ò sì dára tó tiyín. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, inú kọ̀ǹpútà àwọn ará òkè òkun ló máa kọ́kọ́ lọ sùn. Mi ò lè san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí n tó bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí inú rẹ̀ ṣì ń ru, tí àárò yín sì ń sọ.