Ìpẹ̀ tí A Gbà Lórí Ọwọ́ Mi

Ilé Alága,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó wí ohunkóhun. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún ń jẹ́ kí ẹ máa dé etí ọ̀sà? Ìyá ńkọ́? Àwa náà wà láàyè níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìwé yìí sí àrífín. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọ̀tún mi kò lè di bírò mú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ní kí Sọ̀fíyàt ọmọ yín tí ẹ fún mi fẹ́ bá mi kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ sọ, kò sì mọ̀ pé mò ń kọ̀wé.

Mo gbọ́ pé ẹnìkan mú ọ̀rọ̀ wá sí ọjà Ẹjìnrìn pé ọmọ yín lọ sọ níwájú lọ́yà pé ẹ gba rìbá, ẹ ta ọwọ́ ọkọ òun. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán náà, pé kí ó má tẹ ẹnu ọ̀nà yín mọ́. Láti oṣù mẹ́rin, ọmọ tí kì í jẹ́ kí ọjà Ẹjìnrìn fo òun kò dé ilé. Ẹja tí ó máa ń rà bọ̀ kò sí nínú ìkòkò wa mọ́. Bàbá, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí ń lọ ike tó bàjẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú. Ìdérí kan wà tí ó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti tú u kúrò tipẹ́ kí iṣẹ́ lè máa yá, àwa náà kò sì sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀lẹ. Ike kan há, mo na ọwọ́ sí i bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ìka mẹ́rin ló bá a lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ọsibítù dé tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi gba ọ̀dọ̀ yín wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó mọ bí a ṣe ń bẹ èèyàn. Ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nítorí mi, ẹ jókòó sí yàrá wa, ọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn, àpò ìrẹsì kan àti kẹ́ẹ̀gì òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní, “Mujeeb, a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gba ìpẹ̀.” Mo gbà. Akọ̀wé wọn wá fa ìwé kan yọ, ó ní ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ti parí ni. Ta ni yóò jókòó máa ka ìwé lójú àna rẹ̀, nígbà tí àna ti ní ó dáa? Ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì, mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, ẹ sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àwa méjèèjì ni kò kà á, èmi tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì ni ojú sì yẹ kó tì.

Lẹ́yìn oṣù méjì, owó oṣù mi dáwọ́ dúró. Sọ̀fíyàt gbéra lọ bá wọn, wọ́n sì fi ìwé náà hàn án: pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi tán, n kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Mo sunkún, Bàbá. Mo ní ká fi í fún Ọlọ́run. Ọmọ yín wò mí, ó ní, “Ọlọ́run kọ́ ló tú ìdérí ẹ̀rọ.”

Ẹ wá wo obìnrin! Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó da òwú àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nínú agolo bisikíìtì rẹ̀, ó kó káàdì ọsibítù mi sínú rẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti àwòrán ẹ̀rọ náà tí Ùsámà, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi fóònù yà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo mọ́ abíyá, ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi rí àwọn lọ́yà tí ń ṣojú fún mẹ̀kúnnù lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá délé, á máa tú bọ́tìnnì ara ṣẹ́ẹ̀tì mi, á fi sípù rọ́pò rẹ̀, kí n lè máa wọṣọ fúnra mi. Mo ti rò pé mo mọ ẹni tí mo fẹ́ níyàwó. N kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà tó gba ọ̀rọ̀ wa ń jẹ́ Títílọpẹ́. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ ìfarapa sílẹ̀, ì báà tẹ̀ka nígbà ogún. Ó ní àpò kan wà lọ́dọ̀ ìjọba tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dá owó sí nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé ni èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọdún náà kọjá lórí wa ni.

Ibi tí irọ́ ti wọlé nìyí. Lọ́yà rí orúkọ yín nísàlẹ̀ ìwé, ó béèrè bóyá wọ́n fún ẹlẹ́rìí ní nǹkan. Bóyá ìbéèrè yẹn ni ẹni tó ròyìn fún yín sọ di ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Etí mi báyìí ló gbọ́ ìdáhùn. Sọ̀fíyàt dìde dúró, ó ní, “Bàbá mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpẹ̀ ni wọ́n gbà, bí àgbà ṣe ń gba ìpẹ̀. Ẹni tó fi ìpẹ̀ tan àgbà ni kí ojú tì.” Ó ní bí wọn kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ẹ̀rí òun, òun kò ní buwọ́ lù ú, kí gbogbo ẹ̀tọ́ náà máa lọ. Wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpò-ìwé yìí, mo fa ìlà sí abẹ́ ibẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìdáhùn dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba: wọ́n gbà. Wọn yóò máa sanwó fún mi lóṣooṣù nítorí ọwọ́ yìí. Ùsámà sì ní wọ́n ti dá ìdérí padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fò sókè, àwọn ará ilé sáré wá bá wa yọ̀. Ọmọ yín jókòó sórí àpótí, agolo rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi ńkọ́?”

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá ń bẹ̀ yìí, kò sí ìtẹ̀ka nínú rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yín. Kò di dandan kí ọ̀rọ̀ gùn. Bí ẹ bá ṣáà ti ní kó wá ra ẹja lọ́jà tó ń bọ̀, yóò yé e.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ kò ní fi ọwọ́ òfìfo ti ọ̀sà bọ̀. Ẹ ó jẹun ọmọ tí ẹ bí, ayọ̀ rẹ̀ yóò sì kárí gbogbo ilé. Àmín.

Èmi ni àna yín tó ti di ọmọ yín,
Mujeeb.

Àfikún: Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé yìí, ọwọ́ òsì sì ti ń ro mí. Ẹ má bínú sí i. Òun náà ló tẹ̀ka níwájú yín sórí ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ ka èyí.