Ìwé Tí Mo Kọ sí Pásítọ̀ Inú Fóònù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. O kú ìrọ́jú, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run tó mọ̀ ọ́ kí èmi tó mọ̀ ọ́ kò ní gbàgbé ọ nínú èrò ìlú yẹn. Ara mi le, àyàfi orúnkún.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà wa ní nínú gbogbo àgbàlagbà kíláàsì, ìkọ̀wé tèmi ló dúró ṣánṣán jù. Fi han ọmọ-ọmọ mi kó mọ irú ìyá àgbà tó ní, ṣùgbọ́n má kà á fún un, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ wúwo.

Ìyá Télọ̀ ti kú, ọ̀rẹ́ mi tó rán aṣọ tí o wọ̀ lọ sí ilé-ìwé gíga. Ọjọ́ Ẹtì la sin ín. Àwa obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà la jẹ̀bi, èmi sì ni mo jẹ̀bi jù, nítorí èmi ni akọ̀wé.

O mọ bí a ṣe ń ṣe. Ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́rú ni à ń pàdé, èmi ni mo sì ń pe orúkọ. Ẹni tí kò bá jẹ́, a kì í ṣe àdúrà ìparí títí méjì nínú wa yóò fi lọ wò ó wá nílé. Inú àwọn kan kì í dùn sí i. A bá ìyá ọlọ́ṣẹ lórí oorun lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé Ọlọ́run ló rán wa ni àbí agbowó-orí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Télọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ra fóònù fún un, ni Ìyá Télọ̀ bá ní òun ti wà ní ìjọ inú fóònù báyìí, òun ò ní máa wá mọ́. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá lọ sí ìjọ mìíràn, a ó fún un ní ìwé, a ó sì yéé lọ sílé rẹ̀, kí wọ́n má baà ní à ń fa àgùntàn ẹlòmíràn. Ni mo bá kọ̀wé sí pásítọ̀ inú fóònù. Mo kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún, pé ó máa ń fi àìsàn pamọ́, pé bó bá ní kò sí nǹkan, kí wọ́n má gbà. Àwa mẹ́fà la gbé ìwé náà lọ. Mo kúnlẹ̀ kí pásítọ̀, mo tẹ́ ìwé síwájú fóònù, mo yí ojú ìwé sí i kó lè kà á. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kí arábìnrin wa tuntun káàbọ̀ sínú ìdílé. A ṣọpẹ́. Mo fa igi lé orúkọ Ìyá Télọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Ní Ọjọ́rú mo pe orúkọ, gbogbo ẹni tí mo pè ló jẹ́, a ṣe àdúrà ìparí, a lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ ni onílé lọ kanlẹ̀kùn pé kó dín ariwo fóònù kù. Pásítọ̀ ṣì ń wàásù. Nọ́ọ̀sì ní egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́, pé kò kú lójú ẹsẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó wà láàyè títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo lọ bá fóònù náà. Mo bi pásítọ̀ léèrè pé ṣé kò rí i pé ẹni tó ń jókòó síwájú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ni, kí ló dé tí kò rán ẹnì kan. Mi ò bínú, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọbìnrin Ìyá Télọ̀ ló di ọwọ́ mi mú, ó ní pásítọ̀ kò rí wa, kò rí ẹnikẹ́ni rí, àwa là ń rí i. Mo ní kó tún un sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dá ọ dúró tí o ní inú fóònù ni ìwọ náà ti ń jọ́sìn, ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé o wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ní o ò lè gbàdúrà mọ́, pé o kàn ń tan fóònù sílẹ̀ kí yàrá má baà dákẹ́.

Èmi náà ti débẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá rẹ kú, oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi lè sọ pé ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Bí wọ́n bá ti kan ibẹ̀ nínú Àdúrà Olúwa, ẹnu mi á pa dé. Ìyá Télọ̀ tó jókòó tì mí kò bá mi wí, kò sì wàásù fún mi. Ó kàn ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èkejì ni tèmi. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ohùn kan tó ń sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, àṣé ohùn mi ni. Ìgbàgbọ́ tí o rí lọ́wọ́ mi yìí, èmi nìkan kọ́ ni mo dì í mú.

Nítorí náà, wá ènìyàn mẹ́ta níbẹ̀ tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà, tí wọ́n mọ ilẹ̀kùn rẹ. Má sọ pé bàtà rẹ ti gbó, wọn kò ní wo ẹsẹ̀ rẹ.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kò dẹ̀, síbẹ̀ owó náà ni mo fẹ́ tọrọ. Bí Ọjọ́rú méjì bá kọjá tí o kò tíì rí wọn, yá owó ọkọ̀ ẹni mẹ́fà kí o fi ránṣẹ́, àlọ nìkan. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ti gbà láti bá mi wá. Mo sọ fún wọn pé àjà kẹrin ni o ń gbé, wọ́n ní àwọn á máa sinmi lórí àtẹ̀gùn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dá ṣubú. Yóò fi ẹlẹ́ran ara yí ọ ká, àwọn tó lè nawọ́ kàn ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ