Ẹsẹ̀ Tí Màmá Ń Retí

                                        Àjà Kẹta,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ojú ọgbẹ́ tèmi ti jiná látìgbà tí ọkọ̀ ti gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n so mí mọ́lé bí ewúrẹ́. Màmá mi ni.

O rántí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹran omi ni àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ọ̀kan wá sílé kí ó lè dá mi lára yá. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, ṣùgbọ́n ó nírù bí alángbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti gé. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ náà hù! Awọ kọ́kọ́ bo ojú egbò, ó wú ṣóńṣó bí èèhù, lẹ́yìn náà ni ìka yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, teegun tiṣan. Àbúrò mi ní tèèyàn kì í hù, àpá ló máa ń dí ojú ọgbẹ́ tiwa pa. Màmá ò gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó dá ọ̀pọ̀lọ́ ló dá ọmọ àwọn.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ tútù wé kùkùté ẹsẹ̀ mi, torí inú omi ni ẹran yẹn ń gbé. Wọ́n gbé ọ̀pá ìrìn mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí n má bàa da ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ láàmú. Nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wá wọn mí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà: "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Tí ẹ bá fi igi dí ibẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kó gbà yọ?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń kó kúrò ládùúgbò yìí.

Inú ń bí mi, àánú wọn sì ń ṣe mí. Ìyá ni wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wúrà tèmi ti fẹ́ di ẹ̀wọ̀n sí mi lọ́rùn. Kàkà kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n má retí mọ́, mo ń na kùkùté náà sí wọn láràárọ̀.

Lánàá, ẹsẹ̀ ẹran náà pé. Màmá ń jó káàkiri yàrá. Mo wò ó nínú abọ́ dígí: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ibi tó ti ń yí po tẹ́lẹ̀ náà ló sì tún ń yí po. Ẹ̀rù bà mí.

Jọ̀ọ́, wá láàárọ̀ Sátidé kí o mú mi lọ bá ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ àtọwọ́dá yẹn, Màmá á ti lọ síbi iṣẹ́. Àtẹ̀gùn wa ga, ìwọ náà sì mọ̀ pé egungun lásán ni ẹ́. Mú ẹni tó lágbára dání. Ọwọ́ mi ò tó orí kọ́bọ́ọ̀dù, tìrẹ á tó o.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ìbejì. Àbúrò mi ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Má fèsì, Màmá ló ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣáà wá.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní hù,
                                        Kánmọ́kánmọ́.